Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù kí n kúnlẹ̀: yàtọ̀ sí ẹrù, kí ló yẹ kí n ti ṣe?

Àdùnní Mọ́níyà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá wa. Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 36 lánàá, òun sì ni oyún mi àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn Mọ́níyà ní Ìbàdàn ni a ń gbé, ilé ìwòsàn ìjọba tí mo ti forúkọ sílẹ̀ sì wà láàárín ìlú, lẹ́yìn Sángo. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wọlé, ìdájí ọjọ́ Ajé ló sì máa ń padà. Láti ìgbà tí oyún ti wọ oṣù kẹjọ ni ìyá ọkọ mi ti wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì ń tọ́jú mi dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ wọn.

Ìwé tí wọ́n fún mi ní ilé ìwòsàn kò ní ohun mìíràn nínú ju ẹrù lọ. Rọ́bà ìtẹ́lẹ̀, òwú, ìbọ̀wọ́, Dettol, Izal, páàdì ńlá, ohun tí wọ́n fi ń dí ìwọ́ ọmọ, aṣọ ọmọ àti fìlà, ọ̀já, aṣọ òtútù. Mo ti ra gbogbo rẹ̀, mo sì ti kó o sínú báàgì. Àmọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ikùn mi le gbagidi fún bí ìṣẹ́jú kan, ó dẹ̀, ó tún le. Mo dìde jókòó lórí ibùsùn, mo ń wo báàgì náà ní kọ̀rọ̀ yàrá, mo wá rí i pé n kò mọ ohun tí n ó kọ́kọ́ ṣe bí ó bá jẹ́ pé ìrọbí ni. Ta ni kí n pè ní aago méjì òru? Ọkọ̀ wo ni yóò gbé mi? Ìyá ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ilé ìgbẹ̀bí ìjọ àwọn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àti pé ibẹ̀ ni àwọn ti bí ọkọ mi. N kò fẹ́ bí wọn nínú, n kò sì fẹ́ bímọ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn tó ti kúnlẹ̀ ti rí?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìretí ayọ̀ o, ẹ ó sọ̀ wẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ báàgì ni tèmi, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ pín in sí méjì. Ohun tí agbẹ̀bí yóò lò wà nínú ọ̀kan, aṣọ ọmọ àti tiyín wà nínú èkejì. Ní oyún mi àkọ́kọ́, inú báàgì ńlá kan ṣoṣo ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí, nígbà tí nọ́ọ̀sì sì ní kí wọ́n mú òwú wá, àbúrò mi da aṣọ ọmọ sílẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí kí ó tó rí i, omi ìfọlẹ̀ sì rin fìlà tí mo ti fọ̀ tí mo ti lọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi káàdì ilé ìwòsàn àti èsì àyẹ̀wò yín sí òkè pátápátá. Ẹ má gbàgbé ohun tí ẹ ó fi gbaná sí fóònù, àti tọ́ọ̀ṣì.

Agbẹ̀bí Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ọmọ mi, kí Ọlọ́run sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ obìnrin tí báàgì rẹ̀ pé, tí ohun gbogbo mìíràn kò sì pé. Ní ọdún 1994, àwọn oníwádìí méjì, Thaddeus àti Maine, kọ nípa ìdádúró mẹ́ta tó máa ń pa ìyá: ìdádúró nílé kí wọ́n tó pinnu pé ó tó lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀kẹta kò sí níkàáwọ́ rẹ. Méjì tó ṣáájú, inú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí gan-an ni a ti ń yanjú wọn.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú káàdì rẹ. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí oníṣègùn ní ìgbà mẹ́jọ, ó kéré tán, kí ó tó bímọ, lọ́dọ̀ wa níbí sì rèé, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni a máa ń ní kí wọ́n wá láti ọ̀sẹ̀ 36. Nígbà tí o bá lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, má kàn jẹ́ kí wọ́n wọn ikùn rẹ kí o sì máa bọ̀ nílé. Béèrè bóyá orí ọmọ ni ó wà nísàlẹ̀ tàbí ìdí rẹ̀. Béèrè ibi tí ibi ọmọ fara tì, bóyá ó dí ọ̀nà. Béèrè iye tí PCV rẹ, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ, jẹ́ báyìí, kì í ṣe èyí tí wọ́n yẹ̀ wò ní oṣù kẹrin. Mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní Rhesus negative, tí ti ọmọ sì jẹ́ positive, abẹ́rẹ́ kan wà tí o gbọ́dọ̀ gbà láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ. Ó wọ́n, kì í sì í sí ní gbogbo ilé ìtajà oògùn, nítorí náà a máa ń wá a sílẹ̀ ni.

Ohun tó ṣe ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jọ ìrọbí ẹ̀tàn lójú mi. Kì í ní ètò, bí o bá sì dìde rìn, tí o mu omi, tí o tọ̀, ó sábà máa ń lọ. Ìrọbí gidi kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Á máa súnra mọ́ra, á máa gùn sí i, á sì máa le sí i, bí o rìn bí o jókòó. Fi ìwé àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí o kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó dẹ̀. Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń fún aboyún àkọ́kọ́ ni pé bí ó bá ń wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo tó ìṣẹ́jú kan, tí ó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, kí ó gbéra. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ni ìyẹn wà fún. Ìwọ tí o ń bọ̀ láti Mọ́níyà, má dúró dè é; nígbà tí ó bá ti ń wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, tí o sì rí i pé kò fẹ́ lọ, kí o ti wà nínú ọkọ̀. Bí o bá rí ohun tó ń fà bí ikun, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, àmì ni pé ọjọ́ ti ń súnmọ́, kì í ṣe ohun ìpayà. Bí omi bá dà, fi páàdì sí i, wo àwọ̀ rẹ̀, gbóòórùn rẹ̀, kí o sì máa lọ sí ilé ìwòsàn, ìrọbí ì báà tíì bẹ̀rẹ̀. Bí omi náà bá ní àwọ̀ ewé, ọmọ ti ṣu sínú rẹ̀ nìyẹn, má jókòó wẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kì í fi di ọ̀la. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Orí fífọ́ tí kò gbọ́ oògùn, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ìrora ní abẹ́ igbá àyà, ojú àti ọwọ́ tó ṣàdédé wú: ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún lè wà nídìí wọn, òun sì ni ó ń di gìrì. Bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ tí ó tó 140 lórí 90, má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé wàhálà ọjà ni. Ibà náà wà níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì ni pé bí ìsọ ọlẹ̀ bá dín kù sí bí o ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ náà gan-an ni kí o lọ.

Ará Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, nítorí ìpínlẹ̀ wa ti bá ọ̀rọ̀ yẹn jà, ó sì kọ́ wa ní nǹkan. Ní ọdún 2009, ìjọba Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n yan òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa bẹ àwọn aboyún wò nílé, wọ́n sì fún àwọn aboyún ní fóònù tí wọ́n lè fi pe òṣìṣẹ́ tiwọn lóru lọ́sàn-án. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́. Síbẹ̀, àwọn obìnrin kan kò yé lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ilé ìgbẹ̀bí ìjọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n dá Agbẹ̀bíyè sílẹ̀: dípò kí wọ́n lé àwọn ìyá wọ̀nyí, wọ́n ní kí ẹni tó bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn gba ìwé kan tí yóò fi gba owó.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé àdúrà, ìtùnú àti ojú tó mọ̀ wọ́n ni ọ̀pọ̀ ń wá lọ síbẹ̀. Ìyẹn kò sọ pé dandan ni kí a bí ọmọ níbẹ̀. Ẹ bá ìyá ọkọ yín sọ pé kí ìyá ìjọ náà wá gbàdúrà fún yín nílé, kí ó sì bá yín dé ilé ìwòsàn bí ó bá ṣeé ṣe.

Bàbá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan sọ̀rọ̀, nítorí àwa ni a máa ń rò pé iṣẹ́ wa parí sí owó. Nígbà tí ìyàwó mi bí àwọn ìbejì wa, ọmọ méjèèjì ti jáde, ibi ọmọ náà ti jáde, mo ti ń pe àwọn ará ilé láti sọ fún wọn. Nọ́ọ̀sì kan jáde, kò rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ẹ̀jẹ̀.” Mo na apá mi, mo ní kí wọ́n fà á. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: A ni èmi, O ni ìyàwó mi. Ẹ̀jẹ̀ mi kò lè wọ ara rẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi láti fi rọ́pò, ṣùgbọ́n kò sí O nínú fíríìjì wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì fi ohun tó ju wákàtí kan lọ kiri ìlú pẹ̀lú fóònù tó ku ìwọ̀n iná díẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ló pàpà wá láti ẹ̀yìn ìlú, lórí ọ̀kadà. Ó yè, a dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ará ilé wa lórí bí mo ti mọ orúkọ wọn.

Nítorí náà, sà, bí ọkọ Àdùnní bá ń ka èyí, ẹ wá ènìyàn mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu, tí wọ́n wà ní Ìbàdàn, tí kì í pa fóònù lóru. Ẹ fi owó bébà díẹ̀ sínú báàgì pẹ̀lú. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 nígbà tí owó bébà di ohun ọ̀wọ́n. Bí ẹ bá sì fi fóònù san owó lóru, “a kò tíì rí i kó wọlé” ni ẹni tó wà nídìí owó máa ń sọ, ẹ ó sì dúró níbẹ̀ máa fi ojú fóònù hàn án. Bí ẹ bá ní ọkọ̀, kí epo inú rẹ̀ má ṣe wá sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Bí ẹ kò bá ní, ẹ bá awakọ̀ méjì sọ ọ́, kì í ṣe ọ̀kan, kí ẹ sì bá wọn ṣàdéhùn iye owó nísinsìnyí. Ní aago méjì òru, a kì í ná ọjà.

Màmá Àgbà, Adó-Èkìtì

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Méjì nínú wọn, orí ẹní nílé ni mo kúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni a ti mú orúkọ ìkúnlẹ̀ tí gbogbo yín ń dárúkọ. Àwọn dókítà òde òní ń gbé obìnrin sùn gbalaja bí ẹja, wọ́n wá ń sọ pé ọmọ kò tètè sọ̀. Àdùnní, béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọn yóò jẹ́ kí o rìn kí o sì kúnlẹ̀ nígbà tí o bá ń rọbí.

Ẹ sì ṣe ẹ̀sọ̀ pẹ̀lú ìyá ọkọ. Ìyá tí ẹ kò bá fún níṣẹ́ yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Òun ni kí ó máa kọ aago tí ikùn bá le. Èmi kò rí ohun tó burú nínú ọṣẹ awẹbí, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ohun tó burú nínú abẹ́rẹ́ tí aboyún fi há aṣọ bí ó bá fẹ́ jáde lóòrùn gangan. Wọn kò jẹ́ kí n fẹnu kan ìgbín, pé kí itọ́ ọmọ má baà máa dà, mo sì pa á mọ́. Bí ọmọ bá ti délẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́ dáadáa lójú ẹsẹ̀, kí òórùn má baà bá a dàgbà. Èyí tí ẹ̀ ń ṣe lónìí, tí ẹ ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ funfun báláú fún ìyá rẹ̀, kò yé mi.

Agbẹ̀bí Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ bí obìnrin kò tilẹ̀ ní í dọ̀bálẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ jàre. Dídúró, rírìn àti kíkúnlẹ̀ máa ń ran ìrọbí lọ́wọ́, ó sì yẹ kí ilé ìwòsàn gbà á láyè. Abẹ́rẹ́ tí a fi há aṣọ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọṣẹ tí a fi ń wẹ̀ kì í ṣe ìjà mi.

Ohun tí a ń mu ni ìjà mi. Àwọn ewé kan wà nínú àgbo ìrọbí tí ó máa ń jẹ́ kí ilé ọmọ le ní tòótọ́, ìyẹn gan-an ni ewu rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀, kò sì ṣeé dá dúró tí ó bá ti wọ inú. Ilé ọmọ lè fà ya, pàápàá lára ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí. Bákan náà ni abẹ́rẹ́ ìrọbí tí àwọn kan ń gún fún obìnrin ní ilé ìgbẹ̀bí tí kò níwèé, kí ó lè tètè bí. Oògùn kan náà ni àwa náà máa ń lò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà. Ìgbà tí a lò ó ni ó ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé.

Ara funfun tí ẹ rí yẹn, Màmá, ọ̀rá ni, ó ń dáàbò bo awọ ọmọ. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí a dúró tó wákàtí 24, ó kéré tán, kí a tó wẹ ọmọ, nítorí òtútù tètè máa ń mú ọmọ tuntun. Kí a nù ún gbẹ, kí a gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ láìsí aṣọ láàárín wọn, kí ó sì mu ọyàn láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Omi ọyàn tó pọ́n tó sì ki tí àwọn kan máa ń fún dànù ni ohun tó dára jù nínú ọyàn.

Àdùnní, fi ohun kan kún báàgì kejì: jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine fún ìwọ́ ọmọ. Ìwọ́ nìkan ni a ń fi í sí. Bá ìyá ọkọ rẹ jókòó kí o fi hàn wọ́n, nítorí níbí ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn kan ti ṣì í mú fún oògùn ojú, wọ́n kán an sójú ọmọ, ojú náà sì bàjẹ́. Má fi ọṣẹ ìfọyín sí ìwọ́, má fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, má fi ìgbẹ́ màlúù kàn án. Àwọn yẹn ni ọ̀nà tí àrùn ipá fi ń wọlé.

Ará Manchester

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti bí méjèèjì, mo sì fẹ́ fi ohun kan gbe agbẹ̀bí wa lẹ́yìn lórí ìsọ ọlẹ̀. Wọ́n sọ fún mi nílé pé bí ọjọ́ bá ti ń súnmọ́, ọmọ máa ń dákẹ́ nítorí àyè ti há. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ń kọ́ wa ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ máa yí títí tí ìrọbí yóò fi bẹ̀rẹ̀, kódà nínú ìrọbí. Wọ́n tún ní kí a máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn láti ọ̀sẹ̀ 28. Bí ẹ bá jí tí ẹ rí i pé ẹ ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ kàn yí padà.

Ohun tí kò sí nínú ìwé kankan rèé. Ní ọ̀sẹ̀ 38 oyún mi kejì, mo pe nọ́ńbà àwọn agbẹ̀bí, mo ní ọmọ kò yí bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù béèrè bóyá ó burú gan-an. Ẹ̀kọ́ ilé wa sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, mo ní kò burú púpọ̀. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n mu omi tútù. Mo dùbúlẹ̀ fún wákàtí méjì. Ọkọ mi ló gba fóònù nígbà kejì tó sọ pé a ti ń bọ̀, kò tọrọ àyè. Ọmọ mi ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí. Àwọn ìròyìn MBRRACE-UK, àwọn tó ń ṣèwádìí ikú ìyá àti ọmọ níbí, ti ń fi hàn láti ọdún pípẹ́ pé ikú ìyá láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú níbí ju ìlọ́po méjì ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, n kò sì lè ka gbogbo ohun tó fà á, ṣùgbọ́n mo mọ èyí tó wà lẹ́nu tèmi. Àdùnní, ẹ má sọ “kò burú” fún dókítà. Ẹ sọ bí ó ṣe rí. Bí ara bá ń ro yín tí ẹ kò lè sọ̀rọ̀, kí ẹni tó bá yín lọ ti mọ ohun tí yóò sọ.

Olùkọ́ Ọmọdé, Ìlọrin

N kò ní pẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ mi àkọ́kọ́, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ fún oṣù mẹ́ta, nítorí gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni a ń kígbe pé a ó bí bí àwọn obìnrin Hébérù, tí wọ́n ń bímọ kí agbẹ̀bí tó dé. Mo wá jókòó ka Ẹ́kísódù 1:19 fúnra mi. Àwọn agbẹ̀bí ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn níwájú Fáráò, àwíjàre ni wọ́n sì ń ṣe kí wọ́n má baà pa àwọn ọmọkùnrin! A wá sọ ọ́ di òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìgbàgbọ́ obìnrin tí ọmọ rẹ̀ fi ìdí sísàlẹ̀.

Ẹ bá ọkọ yín sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ abẹ nísinsìnyí, kí ẹ sì pinnu ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé bí òun kò bá sí nílé. Ẹ béèrè iye tí ó jẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀fẹ́ ni yóò jẹ́ fún àwọn obìnrin aláìní; ẹ béèrè bóyá ilé ìwòsàn yín wà nínú rẹ̀, kí ẹ má ṣe dúró dìgbà tí wọ́n bá ń tì yín lọ.

Àdùnní Mọ́níyà

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú làálàá. Oyún ti pé ọ̀sẹ̀ 37 ó lé ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ìyá ọkọ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo dé ibi tí Màmá Àgbà ti sọ pé ìyá tí a kò fún níṣẹ́ yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Wọ́n bá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́bọ̀. Orí ọmọ wà nísàlẹ̀, PCV mi jẹ́ 33, O positive ni mí. Àwọn gan-an ni wọ́n béèrè bóyá wọn yóò jẹ́ kí a gbé ibi ọmọ wálé, nọ́ọ̀sì sì ní bẹ́ẹ̀ ni, kí a mú ike tó ní ìdérí wá. Èyí ló jọ pé ó tù wọ́n nínú jù, nítorí láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti dárúkọ ilé ìgbẹ̀bí mọ́. Ìyá ìjọ wá gbàdúrà fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ọkọ mi dé ní ọjọ́ Jímọ̀, a ní kí a dán ọ̀nà wò, nítorí ohun tí Bàbá Ìbejì sọ. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́, a pe awakọ̀ àkọ́kọ́. Kò gbé e. Ìkejì dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ. A wọlé, a gbéra, a dé ẹnu géètì àdúgbò wa, ó wà ní títì. N kò tilẹ̀ rántí rí pé a ní géètì, nítorí n kì í jáde ní irú àkókò yẹn. Ọdẹ ti lọ sí òpin àdúgbò kejì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́dọ̀ alága àwọn onílé, tó ti sùn. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni a fi dúró níbẹ̀ kí ẹnìkan tó jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Láti géètì dé ilé ìwòsàn, ìṣẹ́jú 34 péré.

Alága bẹ̀ wá títí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sì gé kọ́kọ́rọ́ tiwa fún wa. Orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ni a fi kọ́. Ìyá ọkọ mi so àkísà pupa mọ́ ọn kí ó má baà sọnù, àti ní alẹ́ àná, nígbà tí iná lọ, mo gbọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ tá ògiri wò nínú òkùnkùn, títí tí irin náà fi dún.